Oníṣòwò Aṣọ Tó Kọ́kọ́ Rí Kòkòrò Àìfojúrí

Ní ìlú Delft, lórílẹ̀-èdè Netherlands, dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá ni àwọn aláṣọ fi ń yẹ òwú wò kí wọ́n tó náwó. Aláṣọ ni Antonie van Leeuwenhoek. Kò lọ sí yunifásítì, kò gbọ́ èdè Látìn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà fi ń kọ̀wé.

Òun kọ́ ló ṣe maikirosikóòpù àkọ́kọ́. Àwọn kan ní Zacharias Janssen ti Middelburg ni, àmọ́ ẹ̀rí wọn kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1665, Robert Hooke ti Lọ́ńdọ̀nù ti gbé ìwé Micrographia jáde, ó ya àwòrán iná orí gàdàgbà sínú rẹ̀, gbogbo èèyàn sì ń wò ó tìyanu-tìyanu.

Maikirosikóòpù ti Leeuwenhoek kò jọni lójú rárá. Idẹ pẹlẹbẹ méjì tó gba inú àtẹ́lẹwọ́ ni, dígí bíńtín kan ṣoṣo há sáàárín wọn. Á fi ohun tó fẹ́ wò sí ṣóńṣó abẹ́rẹ́, á gbé e fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹyinjú, á kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó ṣẹ́ kù lónìí ń sọ nǹkan di ńlá ní nǹkan bí ìlọ́po 270.

Ní 1676, ó fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí ata máa ta èèyàn lẹ́nu. Bóyá ẹ̀gún ló wà lára rẹ̀. Ó rẹ ata oníhóró dúdú sómi. Kò rí ẹ̀gún kankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín ló ń rìn káàkiri nínú omi náà. Ó kọ̀wé nípa rẹ̀ sí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ta ni yóò gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ lẹ́nu aláṣọ? Ó ní kí àwọn àlùfáà àti àwọn ẹni iyì ìlú wá fojú ara wọn rí i, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Ní November 1677, Hooke fúnra rẹ̀ rí àwọn ohun abẹ̀mí náà. Ní 1680, wọ́n gba Leeuwenhoek wọ ẹgbẹ́ Royal Society.

Síbẹ̀, kò sọ bó ṣe ń ṣe dígí rẹ̀ tó dára jù fún ẹnikẹ́ni títí tó fi kú ní 1723. Ní 2021, àwọn onímọ̀ fi ìtànṣán neutron wo inú ọ̀kan nínú àwọn maikirosikóòpù rẹ̀ láìtú u palẹ̀: dígí tí wọ́n fi iná yọ́ di róbótó ni. Ọ̀nà kan náà ni Hooke ti tẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé Micrographia fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.