Ṣé O Mọ̀? Àwọn Ìyanu Inú Ihò Òkun ní Erékùṣù Santa Cruz

Ní etíkun Kalifọ́níà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, erékùṣù kan wà tí wọ́n ń pè ní Santa Cruz. Òkun Pàsífíìkì ti gbẹ́ ihò sí ara àpáta rẹ̀ káàkiri, àwọn èèyàn sì ń wa ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí à ń pè ní kayak wọ inú àwọn ihò náà, afinimọ̀nà á sì máa ṣíwájú wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé àpáta ẹlẹ́wà nìkan làwọn ń lọ wò. Ohun tó wà níbẹ̀ ju àpáta lọ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kéèyàn mọ díẹ̀ nípa rẹ̀ kó tó mú àjẹ̀ dání.

Ṣé o mọ̀ pé afẹ́fẹ́ wà lára ohun tó ń gbẹ́ ihò òkun?

Pé omi ń jẹ àpáta kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbì bá ya lu àpáta tó ti sán, yóò há afẹ́fẹ́ mọ́ inú ibi tó sán náà, yóò sì fún un pọ̀ gidigidi. Bí ìgbì bá fà sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ọ̀hún á tú jáde lójijì, á sì gba díẹ̀ lára àpáta lọ. Iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí omi ń gbé kiri náà á máa ha ògiri lọ́sàn-án lóru. Ibi tí àpáta ti ní àlébù tẹ́lẹ̀, bóyá nítorí pé ilẹ̀ ti yẹ̀ níbẹ̀ tàbí pé òkúta ibẹ̀ kò le tó ìyókù, ni ihò ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àpáta ìhà àríwá Santa Cruz ló ti inú òkè ayọnáyèéfín jáde ní àìmọye ọdún sẹ́yìn. Ó le tó láti gbé òrùlé dúró, ó sì ní ojú sísán tó láti jẹ́ kí òkun ráyè wọlé.

Ṣé o mọ ìdí tí irú ihò bẹ́ẹ̀ kò fi sí létíkun Èkó?

Láti Àgbádárìgì títí dé Lẹ́kí, iyanrìn ni òkun bá pàdé. Òkun lè gbé iyanrìn lọ, ó sì lè kó o jọ síbòmíràn, àmọ́ kò lè gbẹ́ yàrá sínú rẹ̀ kí òrùlé rẹ̀ má wó. Àpáta tiwa, irú Olúmọ àti Òkè Ìdànrè, jìnnà sí ìgbì. Ẹni tó bá fẹ́ rí ihò òkun ní láti lọ síbi tí àpáta àti ìgbì ti ń kojú ara wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ihò òkun kan wà níbẹ̀ tí ọkọ̀ akérò ń wọ̀?

Painted Cave lorúkọ rẹ̀, ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà ló wà, ó sì wà lára àwọn ihò òkun tó tóbi jù lọ tí aráyé mọ̀. Ó gùn tó nǹkan bí 370 mítà. Ẹnu rẹ̀ ga tó nǹkan bí 49 mítà, débi pé nígbà tí òkun bá rọ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tó kó èrò máa ń rọra ki orí bọ̀ ọ́. Oríṣiríṣi àwọ̀ òkúta, pẹ̀lú ewédò àti àwọn nǹkan abẹ̀mí tó lẹ̀ mọ́ ògiri, ló fún un lórúkọ. Nígbà ìrúwé, omi òjò máa ń ṣàn wálẹ̀ láti òkè ẹnu ihò náà. Bí o bá wọ inú lọ, ìmọ́lẹ̀ á tán pátápátá, igbe kìnnìún òkun á sì máa dún láti inú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n etíkun Scorpion, ní ìhà ìlà-oòrùn, ni àwọn afinimọ̀nà kayak ti sábà máa ń gbéra. Àwọn ihò ibẹ̀ kéré, wọ́n sì pọ̀. Inú wọn gan-an ni kayak ti wúlò, nítorí kò sí ọkọ̀ ńlá tó lè gba ibẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọdẹ ni wọ́n ṣe kayak fún?

Àwọn Inuit, Yupik àti Unangan, tí ilé wọn wà ní ilẹ̀ yìnyín lápá àríwá ayé, ló ni í. Igi kì í hù níbi púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọn, nítorí náà igi tí òkun bá gbé wá sí èbúté ni wọ́n fi ń ṣe egungun ọkọ̀, nígbà mìíràn egungun àbùùbùtán. Wọ́n á wá fi awọ ẹran omi bò ó. Àwọn obìnrin ló ń rán awọ náà, tí omi kò fi ní ráyè gba ojú ìránṣọ wọlé. Ara ẹni tí yóò wà á ni wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò awọ kó àwọn ọdẹ Alaska pẹ̀lú ọkọ̀ wọn wá sí àwọn erékùṣù etíkun Kalifọ́níà, tí Santa Cruz wà lára wọn, láti pa ẹran tí wọ́n ń pè ní sea otter. Wọ́n pa á títí ó fi kù díẹ̀ kó run pátá. Ọdún 1911 ni àwọn orílẹ̀-èdè kan fọwọ́ sí àdéhùn tó wá dáàbò bò ó. Ọkọ̀ tí àlejò ń fi wòran níbẹ̀ lónìí ti bá wọn dọdẹ lójú omi kan náà rí.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ọkọ̀ tiwọn, tí wọ́n fi ọ̀dà ilẹ̀ dí?

Àwọn Chumash ló ni erékùṣù náà látọjọ́ pípẹ́. Limuw ni wọ́n ń pè é. Tomol lorúkọ ọkọ̀ wọn. Pákó ni wọ́n ń là, wọ́n á lu ihò sí i létí, wọ́n á fi okùn rán pákó mọ́ pákó, wọ́n á sì fi oje igi pò mọ́ ọ̀dà tó ń sun láti inú ilẹ̀ dí gbogbo ojú rẹ̀. Irú ọ̀dà ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní Àgbábù, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Tomol ni àwọn Chumash fi ń ná ọjà láàárín erékùṣù àti ilẹ̀ ńlá. Lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó ará Sípéènì dé, àìsàn àti ìṣípòdà lé wọn kúrò lórí erékùṣù, tomol náà sì dàwátì lójú omi. Ní ọdún 2001, àwọn ọmọ Chumash tún wa tomol la òkun já dé Limuw.

Ṣé o mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí àwọn Chumash ni lámùsóò òkun?

Ìtàn wọn sọ pé orí Limuw ni a ti dá èèyàn. Nígbà tí èrò pọ̀ jù, òrìṣà wọn, Hutash, ta òṣùmàrè láti orí òkè erékùṣù dé ilẹ̀ ńlá, ó ní kí wọ́n gbà á kọjá kí wọ́n má sì wolẹ̀. Àwọn kan wolẹ̀, òòyì kọ́ wọn, wọ́n já sínú òkun. Kí wọ́n má baà kú, Hutash sọ wọ́n di lámùsóò, ẹran omi tí òyìnbó ń pè ní dolphin. Agbo lámùsóò ṣì ń bá ọkọ̀ sáré lójú omi náà títí dòní, Chumash kì í sì í ka wọ́n sí àjèjì.

Ṣé o mọ̀ pé Santa Cruz àti erékùṣù mẹ́ta tó múlé tì í ti jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo rí?

Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, yìnyín gba apá tó pọ̀ nínú ayé, omi òkun sì lọ sílẹ̀ ju 100 mítà lọ. Santa Cruz, Santa Rosa, San Miguel àti Anacapa di ilẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò kan ilẹ̀ ńlá. Erin ayé àtijọ́ wẹ̀ dé ibẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ wọn sì ń kéré sí i láti ìran dé ìran títí wọ́n fi di aràrá. Ní ọdún 1994 ni wọ́n wú egungun ọ̀kan, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, lórí Santa Rosa. Orí erékùṣù kan náà ni wọ́n ti rí egungun èèyàn ní ọdún 1959, èyí tó ti tó nǹkan bí 13,000 ọdún. Níwọ̀n bí omi ti yí ilẹ̀ náà ká, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn èèyàn rẹ̀ gbà dé ibẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń fi wọ ihò?

Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, ọ̀rọ̀ yìí gan-an sì ni iṣẹ́ afinimọ̀nà. Kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, yóò dúró lẹ́nu ihò, yóò máa wo ìgbì. Ìgbì kì í dọ́gba: àwọn kéékèèké á wá, lẹ́yìn náà àwọn ńlá á tẹ̀lé ara wọn. Yóò wo ògiri àti òrùlé bóyá wọ́n tutù, nítorí ibi tó bá tutù ni omi ti dé láìpẹ́. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò ní kí wọ́n máa wọlé níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi ìdí ọkọ̀ ṣáájú kí ojú wọn lè wà lára òkun. Bí ìgbì ńlá bá yọ, ẹni tó kọjú sí i lè tètè jáde. Nínú ihò tóóró, omi tó wọlé kò níbi tí yóò tàn sí, òkè ni yóò gbà, á sì gbé ọkọ̀ sún mọ́ òrùlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dé àṣíborí, tí wọ́n fi ń wọ ẹ̀wù tí í mú ni léfòó. Wọ́n á sì kìlọ̀ fún ọ pé kí o má fọwọ́ ti ògiri, kí ọkọ̀ má baà há ọ lọ́wọ́ mọ́ àpáta.

Ṣé o mọ̀ pé ewé òkun lè dá ọkọ̀ dúró?

Igbó kan wà lábẹ́ omi níbẹ̀, kelp lorúkọ rẹ̀. Ó lè ga ju 30 mítà lọ láti ìsàlẹ̀ òkun dé òkè. Bí oòrùn àti oúnjẹ bá tó o, ó lè fi tó 60 sẹ̀ǹtímítà ga sí i láàárín ọjọ́ kan. Afẹ́fẹ́ inú àwọn kókó kéékèèké tó wà nídìí ewé rẹ̀ ló ń gbé e dìde. Nígbà tí afinimọ̀nà bá fẹ́ kí àwọn èrò rẹ̀ sinmi, yóò fa ewé náà lé orí ọkọ̀, omi kò sì ní í gbé e lọ mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ẹyẹ òkun ń yé sínú àwọn ihò kan?

Ashy storm-petrel jẹ́ ẹyẹ kékeré aláwọ̀ eérú. Ẹyin kan péré ló ń yé lọ́dún, òru nìkan ló sì ń padà sí ìtẹ́ rẹ̀, kí àwọn ẹyẹ apẹran má baà rí i. Inú ihò òkun Santa Cruz wà lára ibi tó ń yé sí. Bí èèyàn bá gúnlẹ̀ sínú ihò bẹ́ẹ̀, tó ń tan iná kiri tàbí tó tẹ ẹyin, ìran ẹyẹ náà ló ṣe lọ́ṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi ti àwọn ihò kan pa, tí afinimọ̀nà rere kì í sì í gbà kí o sọ̀kalẹ̀ nínú wọn.

Ṣé o mọ̀ pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parun?

Kò tóbi ju ológbò lọ, kò sì sí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé àfi lórí àwọn erékùṣù etíkun Kalifọ́níà. Idì olórí funfun, tó ń jẹ ẹja, ti fìgbà kan jẹ́ olúwa ojú ọ̀run ibẹ̀. Oògùn apakòkòrò DDT tó ṣàn sínú òkun ba ẹyin rẹ̀ jẹ́, ó sì pòórá. Irú idì mìíràn tó ń jẹ ẹran wá gba àyè rẹ̀ nítorí ẹlẹ́dẹ̀ tó ti ya ẹhànnà lórí Santa Cruz, ó sì kọjú sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kò tó ọgọ́rùn-ún mọ́ lórí Santa Cruz. Wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀ náà tán, wọ́n mú idì apẹran lọ síbòmíràn, wọ́n dá idì apẹja padà, wọ́n sì sin kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nínú ọgbà títí wọ́n fi pọ̀. Ní ọdún 2016, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn ẹranko tó wà nínú ewu. Lónìí, bí o bá gbàgbé àpò oúnjẹ rẹ sí etíkun Scorpion, òun ni yóò kọ́kọ́ tú u wò.

Ṣé o mọ̀ pé ihò òkun Thailand ní ọ̀sán nínú?

Ní Phang Nga, òjò ló ń yọ́ òkúta ẹfun láti òkè, títí òrùlé ihò fi wó. Ohun tó kù ni yàrá omi tí àpáta yí ká, tí ojú ọ̀run sì ṣí sílẹ̀ lókè rẹ̀. Abẹ́ àpáta tó rẹlẹ̀ ni wọ́n ń gbà wọ ibẹ̀, nígbà tí omi bá fà dé ìwọ̀n tó yẹ. Èrò á dùbúlẹ̀ gbalaja sínú ọkọ̀ kí imú rẹ̀ má baà ha òrùlé. Ẹni tó bá pẹ́ jù nínú rẹ̀, omi á kún, ọ̀nà á sì dí. Ibẹ̀ náà, afinimọ̀nà ló mọ wákàtí.

Bí o bá ń gbé ní Los Angeles, ìlú Ventura kò ju nǹkan bí 110 kìlómítà lọ sí ọ, ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ti ń gbéra lọ sí Scorpion. Tètè lọ láàárọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń le lọ́sàn-án. Gbé oúnjẹ dání, torí kò sí ṣọ́ọ̀bù kankan lórí erékùṣù. Wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó nípọn, torí omi ibẹ̀ tutù. Má dá wọ ihò òkun láéláé. Bí afinimọ̀nà bá sì sọ pé ihò kan kò ṣeé wọ̀ lónìí, má bá a jiyàn, má sì ronú pé owó rẹ ṣòfò: ìmọ̀ tó fi sọ bẹ́ẹ̀ gan-an lo sanwó fún.