Indomethacin àti Àwọn Ẹ́sítà Rẹ̀

Èròjà tí ń mú aró èlú dúdú ní egungun kan nínú tí a ń pè ní indole. Egungun yìí kan náà ni ìpìlẹ̀ indomethacin, oògùn làkúrègbé tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1965. Mo ti rí oníṣòwò obì ní Ṣágámù tí ó lò ó: orúnkún fúyẹ́, ṣùgbọ́n inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

Kí ló fà á? Ní 1971, John Vane fi hàn pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ara ṣe prostaglandin. Èròjà yìí ní ń mú oríkèé wú. Òun náà ní ń dáàbò bo ikùn.

Bí a bá so apá ásíìdì oògùn náà mọ́ èròjà tí ó bá ọtí tan, ó di ẹ́sítà. Acemetacin jẹ́ ọ̀kan. Ó rọ ikùn lọ́rùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ara a máa tú ìdè náà, indomethacin a sì tún yọjú. Ní 2000, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Vanderbilt fi hàn pé ẹ́sítà mìíràn a máa dojú kọ COX-2 tí ń fa wíwú, a sì yẹra fún COX-1 tí ń ṣọ́ ikùn.

Iṣẹ́ yàrá ìwádìí nìyẹn. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe lo kápúsù náà láìjẹun, ẹ má sì ṣe rà á láìbi apoògùn.