Yíya Àwòrán Kíláàsì láti inú Kóòdù: Ohun tí Irinṣẹ́ ń Rí àti Ohun tí Kò Lè Rí

1.0 Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àyẹ̀wò bí irinṣẹ́ ṣe ń yọ àwòrán kíláàsì jáde láti inú kóòdù tí a ti kọ tẹ́lẹ̀. Ní 1990, Chikofsky àti Cross ṣàlàyé irú iṣẹ́ yìí gẹ́gẹ́ bí yíyẹ ètò kọ̀ǹpútà wò láti mọ àwọn ẹ̀yà rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe so mọ́ra. UML, tí ẹgbẹ́ OMG tẹ́wọ́ gbà ní 1997, ni a sábà fi ń ya àwòrán náà. Èrò tiwa ni pé ohun tí a kọ ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń jẹ́rìí sí, kì í ṣe ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí ó kọ ọ́.

2.0 Ohun tí irinṣẹ́ ń rí

Irinṣẹ́ a máa tú kóòdù sí wẹ́wẹ́ gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ gírámà ṣe ń tú gbólóhùn. Orúkọ kíláàsì, àbùdá, mẹ́tọ́ọ̀dù àti ìjogún kò ṣòro fún un. Bí kóòdù Java bá ní "class Akekoo extends Eniyan", irinṣẹ́ yóò fa ìlà láti Akekoo lọ sí Eniyan, yóò sì fi onígun mẹ́ta òfìfo sí ìparí rẹ̀. Èyí kò mú àríyànjiyàn wá.

3.0 Ohun tí irinṣẹ́ kò lè rí

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbi tí kíláàsì kan bá ti ní òmíràn nínú. Bí a bá wó ilé, yàrá rẹ̀ bá a lọ. Bí a bá ti ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ pa, olùkọ́ rẹ̀ ṣì wà. UML ń fi dáyámọ́ǹdì dúdú hàn fún ti àkọ́kọ́, ó sì ń fi òfìfo hàn fún èkejì. Ṣùgbọ́n nínú Java, "Yara[] yara" àti "Oluko[] oluko" kò yàtọ̀ síra rárá. Irinṣẹ́ kan lè ya dáyámọ́ǹdì, kí òmíràn fa ìlà lásán.

Kóòdù àtijọ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí Java 5 tó dé ní 2004, "List iwe" ni à ń kọ. Kò sí "List<Iwe>". Irinṣẹ́ tí ó bá wo ìkéde yìí nìkan yóò rí List, ṣùgbọ́n kò ní rí Iwe. Ìbáṣepọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù lè ṣe bẹ́ẹ̀ pòórá.

4.0 Àgbálọgbábọ̀

Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé irú àwòrán yìí sínú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ bí ẹni pé òun ni ó kọ́kọ́ yà kí ó tó kọ kóòdù. A dábàá pé kí a máa kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan ìlà tí irinṣẹ́ fà àti èyí tí a fi ọwọ́ ara wa fà, pẹ̀lú ìdí rẹ̀.