Ọ́ìlì sìntẹ́tíìkì àbí ọ́ìlì lásán: èwo ló ń dówó padà fónímọ́tò Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́?

Bí ẹni tó ní bọ́ọ̀sì akérò méjì tàbí mẹ́ta bá dé ìsọ̀ ọlọ́ìlì ní Ìkòròdú, wọ́n lè ní kó fi ọ́ìlì lásán sílẹ̀, kó ra sìntẹ́tíìkì. Wọ́n á ní ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n dípò kó máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo kìlómítà 5,000, ó di 10,000 kó tó tún fojú kan mẹkáníìkì. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo mọ́tò ló bá mu. Ó yẹ kéèyàn ṣírò rẹ̀ kó tó tọwọ́ bàpò.

Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń sẹ́ ọ́ìlì lásán jáde. Bó ti wù kí wọ́n sẹ́ ẹ tó, àwọn nǹkan kan ṣì máa ń kù sínú rẹ̀ tó máa ń tètè jóná bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná. Sìntẹ́tíìkì ní tiẹ̀, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ló tò ó pọ̀ kó lè rí bákan náà látòkèdélẹ̀. Àwọn òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀ torí òtútù, nítorí kì í tètè dì. Òtútù kọ́ ni ìṣòro tiwa, ooru inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni, ibẹ̀ ló sì ti wúlò fún wa, torí kì í tètè jóná di ẹrẹ̀ dúdú. Ẹ má rò pé 20W-50 tàbí 5W-30 tí wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì ló ń fi sìntẹ́tíìkì hàn o, bí ọ́ìlì ṣe ki sí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Orúkọ náà gan-an ti dá ìjà sílẹ̀ rí. Lọ́dún 1999, Mobil fẹjọ́ Castrol sùn níwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìpolówó ọjà ní Amẹ́ríkà pé epo rọ̀bì tí wọ́n tún sẹ́ dáadáa ni wọ́n ń pè ní sìntẹ́tíìkì, ìgbìmọ̀ náà sì dá Castrol láre.

Ẹ jẹ́ ká wá síbi owó. Ká ní kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́rin ọ́ìlì lásán jẹ́ 20,000 náírà, ti sìntẹ́tíìkì jẹ́ 50,000, kí fíltà àti owó iṣẹ́ sì jẹ́ 6,000. Àpẹẹrẹ ni o, iye tí wọ́n bá pè fún yín ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Ọ́ìlì lásán á gba 26,000 fún kìlómítà 5,000, ìyẹn náírà 5.20 lórí kìlómítà kan. Sìntẹ́tíìkì á gba 56,000 fún 10,000, ìyẹn náírà 5.60. Àṣé ẹni tó ra olówó gọbọi ló ṣì pàdánù! Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mọ́tò bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kì í mówó wọlé. Bí ìyẹn bá mú 10,000 náírà lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ́ìlì lásán di náírà 7.20, sìntẹ́tíìkì di 6.60. Ibẹ̀ lèrè rẹ̀ wà, fún mọ́tò tí kì í sinmi. Èyí tó máa ń wà nílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀.

Kìlómítà nìkan kọ́ ló sì ń gbó ọ́ìlì. Ká ní bọ́ọ̀sì kan ń ná Ìkòròdú sí Mile 12, tó jẹ́ kìlómítà 20 ló ń rìn ní wákàtí kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 250 kó tó rin 5,000. Èkejì tó ń gba Itoikin lọ sí Ẹ̀pẹ́, tó bá ń sá 60 nígbà tí ọ̀nà bá já, kò ní í lò ju bíi wákàtí 83 lọ. Kìlómítà kan náà, iṣẹ́ ìlọ́po mẹ́ta! Ìdí nìyẹn tí ìwé tó ń bá mọ́tò wá fi máa ń ní kí àwọn tó ń rìn nínú eruku àti ìdúró-rìn tètè pààrọ̀ ọ́ìlì ju àwọn yòókù lọ. Ti ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ṣeé sún síwájú, ti Mile 12 kò rí bẹ́ẹ̀, àní pẹ̀lú sìntẹ́tíìkì.

Ẹ́ńjìnnì tó ti ń mu ọ́ìlì ńkọ́? Bó bá ń mu lítà kan ní kìlómítà 1,000, lítà mẹ́wàá lẹ máa fi kún un kó tó rin 10,000. Tá a bá lo iye tá a fi ṣírò lókè, 50,000 náírà ni ti ọ́ìlì lásán, 125,000 ni ti sìntẹ́tíìkì. Èéfín lẹ ń fowó rà. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ ríńgì ná. Àwọn mìíràn máa ń ní sìntẹ́tíìkì ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ máa jò. Òun kọ́ ló lu ihò, ẹrẹ̀ tó dí ojú ihò ló fọ̀ kúrò.

Ti jẹnẹrétọ̀ àwọn tó ń ta ẹja dídì tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn kékeré tó ń lo bẹntiróòlù ni kò ní fíltà ọ́ìlì rárá, ìdọ̀tí tó bá wọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbé títí wọ́n á fi dà á nù. Bí ìwé rẹ̀ bá ní wákàtí 100, sìntẹ́tíìkì kò sọ ọ́ di 200. Ẹni tó ń tàn án fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó kọjá ọjọ́ 16. Èyí tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ń lo irú epo bẹ́ẹ̀.

Kí àwọn ọlọ́kadà náà ṣọ́ra. Inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà ń gbé, àwọn ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan sì ń yọ̀ jù fún un, kò ní í jẹ́ kó di nǹkan mú mọ́. JASO MA ni kí wọ́n máa wò lára kẹ́ẹ̀gì.

Ewu ayédèrú ló kù, torí bí ọjà bá ṣe wọ́n tó ni àwọn oníjìbìtì ṣe ń fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n sẹ́ lóréfèé lè wà nínú kẹ́ẹ̀gì tó ń dán, ẹni tó bá sì fi irú ẹ̀ rin 10,000 ti pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọwọ́ aṣojú iléeṣẹ́ tàbí iléepo tẹ́ ẹ mọ̀ ni kẹ́ ẹ ti rà á, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Bẹ́ ẹ bá sì dà á sínú ẹ́ńjìnnì tán, ẹ dá kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà lu kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí àwọn tó ń ra òfìfo lọ́wọ́ mẹkáníìkì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ rọ sínú rẹ̀.