Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà wo ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn, àṣé ọsibítù tí wọ́n ti ya fọ́tò ló ń wò!

Akẹ́kọ̀ọ́ nìkan kọ́ ló ń jíwèé wò nídànwò o, kọ̀ǹpútà náà ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ti tẹ ọ̀kan.

Lọ́dún 2018, John Zech àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó fọ́tò ẹ́síréè àyà 158,323 jọ láti ibi mẹ́ta, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà sọ ẹni tó ní òtútù àyà. Nínú irú iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó máa ń sọ fún un pé báyìí ni ẹ̀dọ̀fóró tó ń ṣàìsàn ṣe ń rí. Wọ́n á kàn kó fọ́tò síwájú ẹ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n á ní eléyìí ní in, tọ̀hún ò ní in, òun fúnra ẹ̀ ni yóò wá àmì tí yóò fi dá wọn mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ní ọsibítù Mount Sinai, New York, bíi 34 nínú 100 fọ́tò ló jẹ́ ti ẹni tó ní òtútù àyà. Ní NIH, tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀ wọn, díẹ̀ ló fi ju ẹyọ kan lọ nínú 100. Àfi bí kọ̀ǹpútà ṣe fura! Ó rí i pé tóun bá ti mọ ọsibítù tí fọ́tò ti wá, ìdáhùn ti fẹ́ẹ̀ já sóun lọ́wọ́ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ṣètò pé kí ibi tó ń tẹjú mọ́ hàn ní àwọ̀, àwọ̀ lọ bà sí igun fọ́tò, níbi tí àwọn tó ń ya ẹ́síréè máa ń fi irin kékeré sí kí wọ́n lè mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ibi tí ẹ̀dọ̀fóró ò sí rárá! Nígbà tí wọ́n wá gbé fọ́tò Indiana tí kò rí rí síwájú ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ wálẹ̀.

Ti àwọn ará Stanford tún pani lẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2017, wọ́n ní kọ̀ǹpútà tàwọn fi fọ́tò awọ ara 129,450 kọ́ mọ jẹjẹrẹ tó àwọn dókítà awọ ara 21 tí wọ́n jọ dán wò. Kò pé ọdún méjì tí díẹ̀ nínú wọn fi fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé tí rúlà bá wà nínú fọ́tò, kọ̀ǹpútà máa ń tètè pariwo jẹjẹrẹ. Kò kúkú jẹ̀bi tán. Àmì ara tó bá kọ dókítà lóminú ni wọ́n máa ń fi rúlà wọ̀n.

Èyí tó kan aláwọ̀ dúdú ni kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2022, Roxana Daneshjou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ní Stanford kan náà, fi fọ́tò 656 dán ètò kọ̀ǹpútà mẹ́ta wò. Láàbù ti yẹ ẹran ara gbogbo àwọn tó ni fọ́tò náà wò, wọ́n mọ ẹni tó ní jẹjẹrẹ dájú. Ètò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló já wọn kulẹ̀ lára àwọ̀ dúdú ju ti funfun lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ lára, kọ̀ǹpútà lè ní kó máa lọ sílé, kò sóhun tó ṣe é. Fọ́tò aláwọ̀ dúdú ò tó nǹkan nínú èyí tí wọ́n fi ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n sì fi fọ́tò oríṣiríṣi àwọ̀ tún un kọ́, àlàfo náà dí.