Àdúgbò Tí Kì í Tètè Sùn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo fẹ́ sọ nípa àdúgbò tí èrò pọ̀ sí láàrin ìlú ńlá: bí a ti ń gbé ibẹ̀, bí a ti ń jáde lọ ṣe fàájì níbẹ̀, àti ohun tí ó ń mú kí ó dùn ún gbé. Èkó ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni mo mọ̀ jù.

Ẹni tí ó bá ti ìlú kékeré dé Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́, ariwo ni etí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbọ́. Yóò ní, “Ṣé àwọn èèyàn wọ̀nyí kì í sùn ni?” N kò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá lo ọdún kan níbẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ariwo kan yàtọ̀ sí èkejì. Yóò mọ ohùn ìyá ẹlẹ́kọ yàtọ̀ sí ti alákàrà. Yóò mọ ìgbà tí kọ́ńdọ́ ń pe èrò àti ìgbà tí ó ń jà. Nígbà náà ni yóò wá yé e pé ariwo yẹn ní ètò tirẹ̀, àti pé àwọn tí ń pa ariwo náà ni wọ́n ń ṣọ́ òun.

Ẹ lè bi mí pé, níbo ni irú àdúgbò báyìí ti wá? Kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó, ó sì fi okùn wọ̀n wọ́n bí ẹni wọn oko. Èèyàn ni ó kọ́kọ́ dé, ilé ni ó tẹ̀ lé e. Ní erékùṣù Èkó, Olówógbowó ni ọ̀pọ̀ àwọn Sàró dó sí, ìyẹn àwọn tí a gbà lọ́wọ́ ẹrú àti àwọn ọmọ wọn tí wọ́n ti Sàró padà wálé. Àwọn tí wọ́n ti Bràsíìlì àti Kúbà dé ni a ń pè ní Àgùdà, ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí ni Pópó Àgùdà. Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ni ti àwọn tí wọ́n bá Kòsọ́kọ́ padà láti Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1862. Ní ti Ọbáléǹdé, ẹ tún orúkọ náà pè jẹ́ẹ́jẹ́: ọba lé wa dé ibí. Àwọn àgbà ní, àwọn tí ìjọba òyìnbó lé kúrò ní ilẹ̀ wọn ni wọ́n sọ ibẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó, orúkọ àdúgbò kì í ṣe orúkọ lásán. Ìtàn ni. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gbé ohun tí ó mọ̀ dání wá. Àwọn Àgùdà mọ iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà gan-an. Ọwọ́ wọn hàn lára Mọ́ṣáláṣí Ṣíttà tí a ṣí ní ọdún 1894. Àwọn ni wọ́n gbé eré kàrétà wá, tí a ń fi aṣọ aláràbarà jó káàkiri òpópónà. Àwọn náà ni wọ́n kọ́ Èkó ní frèjọ̀n, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, tí a ń jẹ ní ọjọ́ Ẹtì kí Àjíǹde tó dé. Èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ẹnì kan ti di ti gbogbo àdúgbò.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú ilé wàyí. Ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ni ilé alájọgbé, tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba àárín kọjá, tí ilé ìdáná àti balùwẹ̀ wà lẹ́yìn. Ìdílé mẹ́wàá lè wà nínú rẹ̀. Omi, ilé ìwẹ̀ àti gbígbá àgbàlá, nípa ìyípoyípo ni. Bí ẹnì kan bá dín ata, gbogbo ilé ni yóò sín. Bí tọkọtaya bá ń jà ní òru, wọn kò ní tíì bá ìjà náà débì kan tí àgbà kan yóò fi kan ilẹ̀kùn. Àwọn kan kórìíra èyí, wọ́n ní kò sí àṣírí níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi.

Nígbà tí mo jẹ́ àpọ́n, yàrá kan ni mo gbà sí òpópónà tí kò gba mọ́tò méjì. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń ra ọ̀gì àti àkàrà lọ́wọ́ ìyá kan ní iwájú ilé. N kò mọ orúkọ rẹ̀. “Ìyá Alákàrà” náà ni. Ibà wá dá mi dúbúlẹ̀ ní ọjọ́ kan. N kò lè dìde, n kò sì ní ẹni tí n ó rán. Ní ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà. Ìyá Alákàrà ni, pẹ̀lú bàbá onílé. Ó ní, “Ọmọ mi, ọjọ́ méjì rèé tí o kò ra nǹkan. Ẹni tí kò sọ pé òun ń rìnrìn-àjò kì í ṣàdédé pa àkàrà tì.” Àwọn ni wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti kẹ́gàn ojú àwọn ará àdúgbò mọ́.

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà ṣọ́ ilé. Bí àlejò bá wọ irú òpópónà bẹ́ẹ̀, kò ní rìn dé ilé kẹta kí ẹnì kan tó bi í pé, “Ta lẹ ń wá?” Ọmọdé tí ó bá sá kúrò ní ilé-ìwé, onírànṣọ ti rí i, oníṣọ́ọ̀bù ti rí i, ọ̀rọ̀ yóò dé ilé kí ọmọ náà tó dé. Àwọn àgbà ní Èkó gba olè, ó gba ọ̀lẹ. Nítorí pé ó gba gbogbo wọn ni ó ṣe yẹ kí a mọ ẹni tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa.

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, àdúgbò yóò pààrọ̀ aṣọ. Àwọn tí ń ta aṣọ àti bàtà yóò di ẹrù. Àwọn onídùńdú, onísùyà àti ẹlẹ́wà yóò gbé iná kalẹ̀. Ní Ọbáléǹdé, èéfín sùyà ni yóò júwe ọ̀nà fún yín. Ẹ̀wà Àgànyìn tí ẹ fẹ́ràn pẹ̀lú búrẹ́dì, lọ́wọ́ àwọn ará Tógò àti agbègbè rẹ̀ ni Èkó ti kọ́ ọ. Ẹ rí i pé bí àwọn Àgùdà ti ṣe láyé àtijọ́ náà ni: àlejò gbé ìkòkò rẹ̀ dé, ó sì di onílé.

Orin pàápàá, inú irú àdúgbò báyìí ni ó ti ń hù. Ní Olówógbowó, láàrin ọdún 1930 sí 1939, ni Túndé King àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń kóra jọ ṣeré ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì; inú irú eré bẹ́ẹ̀ ni orin jùjú ti jáde. Ní oṣù Ààwẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí a máa fi orin wéré jí àwọn èèyàn láti jẹ sààrì, láti ojúlé dé ojúlé. Orin wéré yìí ni Síkírù Àyìndé Barrister àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di fújì. Gbọ̀ngàn Glover ni Hubert Ògúndé ti ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1944. Lẹ́yìn náà ni Bobby Benson ṣí ilé ijó Caban Bamboo ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú. Fẹlá Aníkúlápó Kútì ní Shrine tirẹ̀ ní Múṣin. Ti Ìkejà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣí ní ọdún 2000 ni èrò ń wọ́ lọ lónìí. Ibi tí èèyàn bá ti fara kan ara, tí ẹnì kan kò lè ṣe kí ó má gbọ́ ohun tí èkejì ń lù, ni orin titun ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń jáde ní alẹ́, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Èkíní, ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ẹnì kan nílé. Èkejì, ẹ ya owó ọkọ̀ àbọ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan. Ẹ̀kẹta, ẹ gba ọ̀nà tí èèyàn àti iná wà. Ọ̀nà tí ìyá onídùńdú ṣì jókòó sí sàn ju ọ̀nà àbùjá tí ó ṣókùnkùn. Ẹ̀kẹrin, inú ibùdókọ̀ ni kí ẹ ti wọ ọkọ̀; ọkọ̀ tí ó bá dúró fún yín lójijì níbi tí kò sí èrò lè jẹ́ ti àwọn olè tí Èkó ń pè ní wáǹ-ṣáǹsì. Ẹ̀karùn-ún, ẹ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹ dìde. Ẹni tí ó bá dúró títí tí wọ́n fi ń ká àga ti pẹ́ jù.

Àwa tí a ń ṣe àríyá náà ní ẹ̀bi tiwa. A ó na àgọ́ dí òpópónà, a ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọjú sí fèrèsé aládùúgbò, a ó sì gbàgbé pé aboyún wà nínú ilé kan, pé ọmọ tí yóò ṣe ìdánwò ní òwúrọ̀ wà nínú èkejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìnáwó, kí ó lọ sọ fún wọn ṣáájú. Kí ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ọkọ̀ aláìsàn àti ti panápaná. Kí ó gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tí kò lè wá. Bí òru bá sì jìn, kí ó rẹ ohùn orin náà sílẹ̀. Àríyá tí ó bá fi àárọ̀ ọjọ́ kejì bá ìjà kò tíì parí.

Ìtàn kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ gbé sọ́kàn. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn kan tí eku ń gbé kiri bẹ̀rẹ̀ sí í pa èèyàn ní Èkó. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba ṣe dá àjọ tí yóò máa tún Èkó ṣe sílẹ̀ ní ọdún 1928. Èrò ń pọ̀ sí i. Ìkànìyàn ọdún 1950 rí èèyàn tí ó lé ní 230,000. Ti ọdún 1963 rí èyí tí ó lé ní 665,000. Ilé fún pọ̀, gọ́tà kò dára. Ní ọdún 1955, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé láàrin erékùṣù, lórí ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 70 éékà, wọ́n sì ń kó ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí ilé titun ní Sùúrùlérè.

Ilé titun náà mọ́, afẹ́fẹ́ sì wà. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan tí ń jẹ́ Peter Marris lọ bá àwọn èèyàn náà sọ̀rọ̀, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1961. Àwọn kan gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn. Àmọ́ ọjà ọ̀pọ̀ oníṣòwò kú, nítorí àwọn oníbàárà wọn kò bá wọn lọ. Owó ọkọ̀ ń jẹ owó oúnjẹ. Mọ̀lẹ́bí tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́ di ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gba ògiri tí ó dára, wọ́n pàdánù ojú tí ó mọ̀ wọ́n.

N kò sọ pé kí a fi gọ́tà dídí àti òrùlé jíjò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí a tún wọn ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ tún àdúgbò ṣe, kí ó ka àwọn èèyàn mọ́ ohun tí ó níye lórí níbẹ̀, kì í ṣe ilé nìkan. Ẹ wo Sùúrùlérè lónìí: ó ti di ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí fàájì pọ̀ sí jù l'Ékòó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn fi tún ìmọ̀ra náà hun, ojúlé sí ojúlé, ìkíni sí ìkíni. Orúkọ àdúgbò náà ti sọ ọ́: sùúrù ni ó lérè.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ bi àgbà kan léèrè ìtumọ̀ orúkọ àdúgbò yín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ wo ẹni tí ń gbé yàrá tí ó kọjú sí tiyín. Bí ẹ kò bá tíì mọ orúkọ rẹ̀, ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ẹ kí i. Kò dìgbà tí ibà bá dé.

Ó dàárọ̀ o.