Ẹ Ka Iye Kòtò Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Agbẹ́lẹ̀

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni a lọ sí ọgbà ọkùnrin kan tó fẹ́ ta backhoe, ní ẹ̀yìn ìlú Houston níbí. Ọkọ mi, àbúrò ọkọ mi, èmi àti ọmọkùnrin wa tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 la jọ lọ. Backhoe ni apá onírin tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn katakata láti fi gbẹ́lẹ̀. Èyí tí a lọ wò ti lò díẹ̀, owó rẹ̀ kò sì ga. Bọ̀dá, bí mo ṣe ń pe àbúrò ọkọ mi, ti ń rẹ́rìn-ín sí ọkọ mi bí ẹni pé a ti rà á tán. Bí wọ́n ṣe sún mọ́ ọn ni wọ́n rí i pé ọ́ìlì ń ta wínníwínní lára okùn rọ́bà kan. Wọ́n bá na ìka láti wá ojú ibi tó ti lu.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Èmi ni mo pariwo bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í jágbe mọ́ ọmọ ọkọ rẹ̀, pàápàá níwájú àlejò àti níwájú ọmọ. Ojú ti Bọ̀dá gan-an. Kí a tó wọ mọ́tò, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ dákun, ẹ má bínú sí ohùn mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ti rí lẹ́nu iṣẹ́ fún yín." Ohun tí mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ń ra ilẹ̀ báyìí ní ẹ̀yìn ìlú, tí a sì ń ra katakata kékeré.

Ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ

Nọ́ọ̀sì ni mí. Nígbà kan, ọkùnrin kan rìn wọlé tọ̀ wá ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ó ń bá wa ṣàwàdà. Ó ní nǹkan ta òun níka nígbà tí òun ń tún ẹ̀rọ ṣe, pé ìyàwó òun ló fi dandan lé e pé kí òun wá. Ojú ihò náà kò ju ti abẹ́rẹ́ lọ, kò sì tíì máa dùn ún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì ti wọ abẹ́ awọ ara rẹ̀, ó sì ti ń bá ìka lọ sí àtẹ́lẹwọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ.

Afẹ́fẹ́ inú táyà mọ́tò yín máa ń wà ní nǹkan bíi 35 psi. Ọ́ìlì tó ń gbé apá backhoe sókè sábà máa ń ju 2,000 psi lọ. Bí okùn rẹ̀ bá lu díẹ̀, ọ́ìlì tó ń ta jáde lè gún awọ ara, kódà ó lè gba inú ìbọ̀wọ́ kọjá. Nítorí náà, ọwọ́ kọ́ la fi ń wá ibi tó ń jò. Ẹ gbé apá náà kanlẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì tú agbára inú okùn sílẹ̀ bí ìwé ẹ̀rọ náà bá ṣe wí. Bó bá di dandan láti wò ó nígbà tó ń ṣiṣẹ́, páálí ni kí ẹ nà síbẹ̀ láti òkèèrè, kí ojú yín sì wà nínú awò ìdáàbòbò.

Bó bá wá ta ẹnì kan lára, ẹ má dúró de ìrora, ẹ má sì fi ìpara pa á. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ sọ ọ́ ketekete lẹ́nu ọ̀nà pé ọ́ìlì háídírọ́líìkì ló wọ ara, kí ẹ sì mú orúkọ ọ́ìlì náà dání. Kí onítọ̀hún má jẹun, kó má sì mu nǹkan kan títí dókítà yóò fi rí i. Bí wákàtí bá ṣe ń lọ ni ewu kí wọ́n gé ìka tàbí ọwọ́ ń pọ̀ sí i.

Kí ni a fẹ́ gbẹ́ gan-an?

Nígbà tí a délé, mo bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan tí a kò tíì bi ara wa: "Kí ni a fẹ́ gbẹ́ gan-an?" Bọ̀dá ní, "A ó máa rí nǹkan gbẹ́." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ wa gbé ìwé àti bírò wá, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Àkọ́kọ́ ni yàrà tí omi yóò máa gbà jáde lẹ́yìn ilé. Ilẹ̀ wa jẹ́ amọ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní gumbo níbí. Bí òjò bá rọ̀, á wú, omi á sì dúró lé e lórí. A wọn yàrà náà: ẹsẹ̀ bàtà 180 ní gígùn, 2 ní jíjìn. Èkejì ni ihò òpó ọgbà, 40. Ẹ̀kẹta ni kùkùté igi 3 tí a fẹ́ hú. Kò tún sí òmíràn.

Jésù sọ̀rọ̀ nínú Lúùkù orí 14 nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Mo ti fi ibẹ̀ wàásù rí. Mi ò mọ̀ pé yóò bá mi dé ìdí katakata.

Irin wo ló bá iṣẹ́ wo mu?

Fún ihò òpó, auger ló yẹ. Irin gígùn tó lọ́ bíi ṣúkúrù ni, tó ń yí wọnú ilẹ̀. PTO, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn katakata, ló ń fún un lágbára. Ní 540 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀pá yẹn ń yí nígbà 9 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ẹ tó pariwo, ó ti wé aṣọ mọ́ra. Ìró, agbádá, ìborùn, okùn bàtà, irun gígùn tí a kò dì: kò sí èyí tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Kí ìbòrí rẹ̀ máa wà lórí nígbà gbogbo. Bóòtù kan tún wà lára rẹ̀ tí wọ́n ṣe kó lè já bí irin bá kọ́ gbòǹgbò tàbí òkúta. Ẹ má fi bóòtù tó le jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, nítorí bí òun kò bá já, nǹkan tó wọ́n jù ú lọ ni yóò já.

Fún yàrà tóóró tí ẹ fẹ́ gba páìpù omi tàbí wáyà sí, trencher ló dára jù. Ṣéènì eléyín ni, kì í sì í gbẹ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣọ́bìrì backhoe fẹ̀ jù ú, erùpẹ̀ tí ẹ ó dá padà yóò sì pọ̀.

Backhoe ló bá kùkùté, kòtò jíjìn àti yàrà fífẹ̀ mu. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ katakata kékeré sábà máa ń gbẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 9. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe so ó mọ́ katakata ṣe pàtàkì ju bó ṣe ń jìn tó lọ. Àwọn kan wà tí wọ́n kàn ń gbé kọ́ apá mẹ́ta tó ń gbé ohun èlò oko sókè lẹ́yìn katakata. Èyí tí a lọ wò nìyẹn, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí kò fi wọ́n. Apá mẹ́ta yẹn lè gbé nǹkan sókè, ṣùgbọ́n kò sábà lágbára láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ṣọ́bìrì bá kọ́ gbòǹgbò, tí ẹ sì fà á, gbogbo backhoe lè gbéra, kó fún ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ mọ́ ara katakata. Ipá náà tún lè sán ilé jíà lẹ́yìn.

Òmíràn ní férémù irin tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ katakata láti ẹ̀yìn dé iwájú, tí yóò pín ipá náà káàkiri. Bí ẹ bá fẹ́ ra backhoe, irú èyí ni kí ẹ béèrè, èyí tí wọ́n ṣe fún katakata yín gan-an. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ ka ìwé katakata yín kí ẹ mọ ìwọ̀n tó lè gbé àti agbára ọ́ìlì rẹ̀, kí ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Ríra tàbí háyà?

Ohun tí a kọ sílẹ̀ ló dá ẹjọ́ náà. Yàrà kan àti kùkùté 3 kì í ṣe iṣẹ́ ọdún gbogbo. A háyà mini excavator fún ọjọ́ méjì. Ó ń rìn fúnra rẹ̀, ó ń yí po níbi tó dúró sí, ó sì ní abẹ tó fi ń ti erùpẹ̀ padà. Katakata tó ní backhoe kò lè ṣe gbogbo ìyẹn láìjẹ́ pé ẹ ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ ń sún un, ẹ tún ń gbé e kalẹ̀. Auger ni a rà, nítorí ọgbà kì í tán lórí ilẹ̀. Ẹni tó ní oko ńlá, tó ń gbẹ́ kòtò lọ́dọọdún, ìṣirò tiẹ̀ lè yàtọ̀ sí tiwa, backhoe sì lè tọ́ sí i.

Kí irin tó kan ilẹ̀

Ohunkóhun tí ẹ bá yàn, ẹ pe 811 kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni jákèjádò Amẹ́ríkà. Ní Texas níbí, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ méjì ṣáájú ni. Wọn yóò wá fi ọ̀dà sàmì sí ilẹ̀: pupa fún iná mànàmáná, yẹ́lò fún gáàsì, búlúù fún omi. Ṣùgbọ́n wọn kì í sàmì sí ohun tí onílé fúnra rẹ̀ rì mọ́lẹ̀, bíi páìpù tó lọ sí ilé ẹ̀yìn. Ẹ bi ẹni tó ta ilẹ̀ fún yín.

Ẹ má sì wọ inú yàrà jíjìn. Erùpẹ̀ tó gùn ní yáàdì kan, tó fẹ̀ ní yáàdì kan, tó sì ga ní yáàdì kan lè wúwo tó mọ́tò kékeré. OSHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ní kí ohun ìdáàbòbò wà nínú yàrà tó bá jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 5, àfi tó bá jẹ́ inú àpáta líle, kí erùpẹ̀ sì jìnnà sí etí rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ó kéré tán. Àwọn agbanisíṣẹ́ ni òfin yẹn ń bá wí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó fẹ́ wó kò ní béèrè bóyá onílé ni yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa

Ọmọ wa béèrè pé, "Mọ́mì, ìgbà wo ni màá wá wà á?" Òfin ìjọba àpapọ̀ kò jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé 16 gba iṣẹ́ wíwa katakata tí agbára PTO rẹ̀ ju 20 hp lọ lóko ẹlòmíràn, àfi tó bá ti gba ẹ̀kọ́ tí òfin là sílẹ̀. Òfin náà yọ oko òbí sílẹ̀. Mo sọ fún un pé òfin ló yọ wá sílẹ̀, irin kò yọ wá sílẹ̀.

Iṣẹ́ tí a fún un kì í ṣe ti ọmọdé. Òun ló wọn ilẹ̀, òun àti bàbá rẹ̀ ló pe 811, òun ló sì ṣe olùṣọ́ ní ọjọ́ méjèèjì. Ó dúró síbi tí ọwọ́ ẹ̀rọ kò lè dé, tí ẹni tó ń wà á sì ń rí i. Bó bá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, gbogbo nǹkan gbọ́dọ̀ dúró. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e sókè nígbà tí ọmọ kékeré aládùúgbò wa sá wọ ọgbà, ó ń lé bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bọ̀dá ló ń wa ẹ̀rọ. Wọ́n dúró lójú ẹsẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, a ti dí gbogbo yàrà. Ẹ́kísódù orí 21 sọ pé ẹni tó bá gbẹ́ kòtò, tí kò bò ó, tí ẹran ẹlòmíràn sì kó sí i, òun ni yóò san án. Bí Ọlọ́run bá ka màlúù sí tó bẹ́ẹ̀, mélòómélòó ni ọmọ aládùúgbò.

Bọ̀dá ṣì ń wo backhoe lórí fóònù wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ìyàwó wa, èyí ní férémù o." Mo dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, sà. Kòtò mélòó ni?"